Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lórí Òdòdó

Ojú wọn ṣe mẹ́rin láàárín èrò. Ọmọ́lẹ́yẹ ti lo wákàtí méjì lórí ìlà kó tó dé iwájú fèrèsé fáàmásì ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Àpápá. Wọ́n ń fi ìgúnpá gún un lẹ́yìn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ pọ̀n sì ń fa irun rẹ̀ bí ẹni ń fa okùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì gbé ojú sókè láti gba ìwé òògùn lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú ọ̀nà. Ojú náà tutù bí omi inú àmù. Àárẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, bí ojú ẹni tó ti ń sọ "kò sí" fún aláìsàn láti òwúrọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti korò lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi mí ẹ̀ẹ̀mẹta, Ọmọ́lẹ́yẹ gbàgbé pé jẹjẹrẹ wà láyé.

Ó rántí nígbà tó ti ìwé náà wọlé lábẹ́ gíláàsì.

"Bàbá mi ló ni ín," ó wí. "Ọrùn rẹ̀ ló wú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fa òògùn sí i lára."

Ejike ni orúkọ tó wà lórí káàdì tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi kọ́ àyà. Ó ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, ó ṣírò rẹ̀, ó sì pe iye rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń túfọ̀. Ó rí bí ojú ọmọbìnrin náà ṣe ṣú. Kò sí ẹ̀dínwó tó lè ṣe fún un, àmọ́ kò fẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Ó wẹ̀yìn, ó na ìka sí fèrèsé kejì tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ gọ́tà yẹn. Ṣé ẹ rí òdòdó yẹn?"

Ọmọ́lẹ́yẹ na ọrùn. Òdòdó kékeré aláwọ̀ pínkì ni, ó pín sí márùn-ún, àárín rẹ̀ pọ́n ju etí rẹ̀ lọ. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín síbẹ̀. Inú sìmẹ́ńtì tó sán ló ti yọ orí.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó wà nílé wa."

"Òògùn kẹta tó wà lórí ìwé bàbá yín, inú ewé rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Àwọn àgbà nílẹ̀ òkèèrè ń fi ewé yẹn wo ìtọ̀ ṣúgà, bí àwọn àgbà tiwa náà ṣe ń ṣe. Àwọn onímọ̀ wá lọ wò ó bóyá òótọ́ ni. Ibi tí wọ́n ti ń wá ti ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n ti bá èyí tó ń bá jẹjẹrẹ jà pàdé. Àwọn ènìyàn tí wọn ì bá ti sin, ọmọdé, àgbà, òdòdó yẹn ló gbé wọn dìde."

Ẹnu Ọmọ́lẹ́yẹ là, kò lè pa á dé. Ohun tó ń bomi rin láràárọ̀. Ohun tí ewúrẹ́ àdúgbò kì í fẹnu kàn.

"Àmọ́ ṣá o," Ejike tún bẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀dá fáàmásì," ọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fún mi ní panadó mi kẹ́ ẹ tó lọ san owó orí ìyàwó."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kan yọ orí láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. "Ọmọge, tí o bá ti gbọ́ iye rẹ̀, yẹra fún ẹlòmíì. Ibí kì í ṣe etí òkun."

Ìtìjú bo Ọmọ́lẹ́yẹ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó já ìwé rẹ̀ gbà. Ó gbọ́ tí Ejike ń sọ pé, "Ẹ dúró, mi ò tíì sọ ọ́ tán," ṣùgbọ́n ó ti yí padà, àyà rẹ̀ ń lù, kò sì mọ̀ bóyá nítorí òdòdó ni tàbí nítorí ojú. Ó gbé àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà dání relé bí ẹni gbé ẹyin.

Ilé tí wọ́n ń gbé kò jìnnà sí Malu Road, ní Ajégúnlẹ̀. Yàrá mẹ́wàá ló kọjú síra nínú rẹ̀, ilé ìwẹ̀ méjì péré ni gbogbo wọn sì ń pín lò. Garawa ọ̀dà méje ló tò sí ẹnu ọ̀nà, òdòdó pínkì yẹn ló sì kún inú wọn. Fúláwà ni àwọn ará ilé ń pè é. Ìyá Àgbà tó gbìn ín, ìyá tó bí bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ, ń pè é ní ewé ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn tó ní àìsàn náà máa ń wá bá a láti ọ̀nà jíjìn. Ewé méje ni yóò ká fún wọn, yóò pọ́n ọn sínú bébà. Kì í ká mẹ́jọ. Kì í fún aboyún, kì í fún ọmọdé, kì í sì í fún ẹni tí kò bá tíì jẹun. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí nílé. Ó ti lọ sí Ijora láti àárọ̀ lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ṣubú nílé ìwẹ̀.

Sùlè, bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ìnura wé ọrùn nínú oòrùn. Kiréènì ni wọ́n ń pè é ní wọ́ọ̀fù nígbà tí ara ṣì dá, nítorí àpò tí ọkùnrin méjì ń gbé, òun nìkan ló ń gbé e. Nísinsìnyí, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rọ̀ lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

"Èló ni wọ́n pè é?" Sẹ̀kínátù, ìyàwó rẹ̀, béèrè. Ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kò sì gbójú sókè.

Ọmọ́lẹ́yẹ sọ ọ́. Wọ́n ń gbọ́ bí epo ṣe ń ta nínú agbada Nwakaego, aládùúgbò wọn tó ń dín ẹja níwájú ilé.

"Fírísà á lọ," Sẹ̀kínátù wí nígbẹ̀yìn. Fírísà náà ló fi ń ta omi dídì àti sóbò, òun ló sì ń bọ́ ilé láti ìgbà tí Sùlè ti dúró níṣẹ́.

"Tí o bá ta fírísà, kí la ó máa jẹ?" Sùlè bi í. "Ṣé òògùn?"

"Tí ẹ bá kú ńkọ́, kí ni mo fẹ́ fi fírísà ṣe? Ṣé kí n tẹ́ yín sínú rẹ̀ ni?"

Nwakaego rẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. "Ìyá Lẹ́yẹ, ẹnu yín yìí, Chineke."

"Ẹ má rẹ́rìn-ín, Mama. Òun náà mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ."

Sùlè yí ojú sí títì, ibi tí àwọn tírélà tò sí bí ìlà èèrà, tí wọ́n ń retí àyè láti wọ èbúté. Ọmọ́lẹ́yẹ kò lè fara da ẹ̀yìn orí bàbá rẹ̀ tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ̀rọ̀ òdòdó náà. Ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un, bóyá ó tilẹ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohùn Ejike ṣì wà ní etí rẹ̀.

Ọwọ́ Sẹ̀kínátù dúró nínú ẹ̀wà. Nwakaego gbé ẹja kúrò lórí iná, ó sún mọ́ wọn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí garawa kìíní ká. Afẹ́fẹ́ èbúté ń mi òdòdó náà lórí. Oyin kékeré kan wọ inú ọ̀kan, ó jáde, ó wọ òmíràn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé pẹ̀lú àlejò lọ́dún mẹ́wàá kó tó wá gbọ́ pé ọba ni àlejò náà nílẹ̀ rẹ̀.

Sùlè lóṣòó. Ó fi ìka kan kan òdòdó náà.

"Ọlọ́run Ọba," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bàtà iṣẹ́ ni mo fi máa ń gbá garawa yìí kúrò lọ́nà."

"Iṣẹ́ Ọlọ́run pọ̀," Sẹ̀kínátù wí.

Sùlè dìde. Ọ̀pọ̀ oṣù ti kọjá tí wọn kò tíì rí i kó yára dìde bẹ́ẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi. Ogún ọdún ni mo fi tú ẹrù ní wọ́ọ̀fù. Kòkó wa ń lọ nínú àpò, ó ń padà bọ̀ nínú páálí, ó ti di ṣokoléètì. Rọ́bà wa ń lọ, ó ń padà bọ̀, ó ti di táyà. Èjìká yìí ni mo fi gbé àlọ rẹ̀, òun náà ni mo fi gbé àbọ̀ rẹ̀. Kí ló wá ṣókùnkùn níbẹ̀? Wọ́n ká fúláwà, wọ́n rọ omi rẹ̀ sínú ìgò, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn lára, wọ́n ní kí n lọ ta fírísà ìyàwó mi."

"Bàbá mi, ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́ tán. Ó ní 'àmọ́ ṣá o', ni wọ́n bá lé mi kúrò níbẹ̀."

"Owó ni ìyókù. 'Àmọ́' àwọn yẹn, owó ni." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Tó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Ó ti di odidi nínú tèmi."

"Ẹ jẹ́ ká kúkú dúró de Ìyá Àgbà," Ọmọ́lẹ́yẹ wí.

"Ìyá mi? Ewé méje, ife kékeré, bí ẹni ń fún ọmọ jòjòló lómi. Ìyẹn wà fún ìtọ̀ ṣúgà. Àìsàn tó fi bàtà gbá ilẹ̀kùn wọlé, ṣé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ó fi lé e jáde?"

"Bọ̀dá Sùlè, abẹg, wait for Ìyá Àgbà," Nwakaego wí. "Na she sabi that leaf."

Gbogbo wọn wo Sẹ̀kínátù. Ó wo ọrùn ọkọ rẹ̀. Ó wo fírísà tó ń kùn ní kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò ní kó mu ún, kò sì ní kó má mu ún. Ó wọlé, ó gbé ìkòkò tó tóbi jù nílé jáde, ó sì lọ tan iná.

Sùlè kò ká ewé. Fífà ló fà á, tewé, tigi, tegbò, garawa kan tẹ̀ lé òmíràn, títí tí iyẹ̀pẹ̀ nìkan fi kù nínú mẹ́fà. Wọ́n sè é títí omi rẹ̀ fi dúdú bí epo ẹ́ńjìnì. Kò jẹ ẹ̀wà. Ó ní òun fẹ́ kí inú òun ṣófo kí òògùn lè rí ọ̀nà. Ife onímùkù ńlá ló fi bù ú, ó mu ún tán, ó bu òmíràn. Nígbà tí wọ́n pe ìrun alásárì, ó mu ẹ̀kẹta, ó sì ní ara òun ti ń fúyẹ́. Ó tilẹ̀ fi ìnura ọrùn rẹ̀ na Ọmọ́lẹ́yẹ ní ìbàdí, ó ní kó padà lọ sí fáàmásì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àna òun.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó bì títí kò fi sí ohun tó kù. Òógùn tútù bò ó. Ó ń pe Ọmọ́lẹ́yẹ ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo bí ti ọ̀mùtí. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e sórí ẹní, ó ti ń la ojú láìrí ènìyàn.

Àsìkò yẹn ni Ìyá Àgbà dé. Garawa ló kọ́kọ́ rí. Ó dúró, ó kà wọ́n láti ìkíní dé ìkeje. "Ta ló tu ewé mi?"

Àwọn ará ilé ti pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì yà fún un bí ẹni ń yà fún òkú. Ó wọ yàrá, ó rí ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ó bojú wo inú ìkòkò. Ó fi ìka tọ́ omi rẹ̀ wò, ó sì tutọ́ rẹ̀ dànù.

"Ẹ bu ṣúgà sómi fún mi kíá."

Wọ́n bù ú. Ó fẹ́ kán an sí Sùlè lẹ́nu, ni Sẹ̀kínátù bá gbá ife náà dànù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ tún fẹ́ fún un ní nǹkan? Ewé yín ló pa á lọ báyìí. Ṣé kò tíì tẹ́ yín lọ́rùn ni?"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ ọ. Obìnrin kan láti yàrá kẹrin ní òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tí ewúrẹ́ kò jẹ, kí ènìyàn rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Òmíràn ní àwọn ìyá arúgbó ilé yìí pọ̀ lọ́gbọ́n jù. Nwakaego nìkan ló wo ilẹ̀. Ó mọ ẹni tó gbé ìkòkò kaná, kò sì sọ ọ́. Ìyá Àgbà wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó wo omi ṣúgà tó dà sílẹ̀, kò sì dá a lóhùn. Àgbà tó bá ní ẹjọ́ wíwí, tó sì dákẹ́, ó ní ohun tó ń dù ju ẹjọ́ lọ.

Onoriode, awakọ̀ tírélà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Sùlè, ti sáré lọ tú orí ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lára ẹrù, nítorí kẹ̀kẹ́ kankan kò gbà láti gbé ẹni tó ń bì. Bí àwọn ọkùnrin ṣe ń fi ẹní gbé Sùlè jáde, Ìyá Àgbà di ọrùn ọwọ́ Ọmọ́lẹ́yẹ mú.

"Mú bírò. Ìwé dà?"

Ọmọ́lẹ́yẹ ya ewé kan nínú ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ níbi iṣẹ́ ìránṣọ rẹ̀. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ ti ìkòkò. Ó ń fi ọwọ́ kó igi tó ti rọ̀ náà jáde, ó ń kà á sórí ilẹ̀ bí olùkọ́ ṣe ń ka ọmọ iléèwé. Ó béèrè ife tí wọ́n fi bù ú, ó fi omi wọ̀n ọ́n mọ́ ife kékeré tirẹ̀. Ó béèrè ìgbà tó mu ìkíní, ìgbà tó mu ìkẹta, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ọmọ́lẹ́yẹ ń dáhùn, ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ìyanu náà tún mú un. Obìnrin tí kò jókòó ní kíláàsì rí ni yìí, tó ń wọn nǹkan bí oníṣẹ́ wúrà.

"Kọ ọ́," Ìyá Àgbà wí. "'Ẹ̀yin dókítà, mo kí yín. Èmi ni ìyá aláìsàn. Ewé ìtọ̀ ṣúgà ló mu, èyí tó ní òdòdó pínkì. Igi mọ́kàndínlógún, tewé, tegbò. Ife ńlá mẹ́ta ni, ife kan gba mẹ́ta tèmi. Kò jẹun. Kò ní ìtọ̀ ṣúgà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní in gan-an, ewé méje ni mo máa ń fún un lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣúgà inú ara rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á máa sọ ìsọkúsọ, á sùn, kò ní jí. Ẹ wò ó níbẹ̀.'" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Fi èyí sí i. 'Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ ló ń wá. Ẹ má bínú sí i.'"

Ó pọ́n ewé kan àti òdòdó kan tó ṣẹ́kù nínú garawa keje sínú ìwé náà, ó sì fi sínú ọwọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀. Òun kò lè gun orí tírélà. Kò sì sí ẹni tó ní kó wá.

Iwájú ọkọ̀ náà ga bí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Sùlè wà lórí ibùsùn ẹ̀yìn ìjókòó tí Onoriode máa ń sùn sí, orí rẹ̀ wà lórí itan ìyàwó rẹ̀. Sẹ̀kínátù rí bébà ní ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Ìyá Àgbà ní kí n fún dókítà. Gbogbo ohun tí Bàbá mu ló wà níbẹ̀."

"Fi pamọ́."

"Màámi."

"Mo ní kí o fi pamọ́. Ṣé o gbàgbé ìyá Oghenefejiro, níwájú ilé wa? Ó la ẹnu pé òun ti kọ́kọ́ lo àgbo. Nọ́ọ̀sì ní kó gbé ara rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó gbo ó. Orí bẹ́ǹṣì ló kú sí, wọn ò tíì ṣí fáìlì fún un. Tí wọ́n bá bi wá, ibà ni. Ẹ̀bà ló jẹ."

"Madam, tell dem true o," Onoriode wí, ojú rẹ̀ wà lọ́nà. "Ẹni tí kò bá sọ ohun tó wà nínú kọntéénà, kọ́sítọ́ọ̀mù á tú u lójú ẹ̀."

"Ọ̀nà ni kí o máa wò, Onoriode."

Ó wo ọ̀nà.

Wọ́n gbé Sùlè sórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá pàjáwìrì ilé ìwòsàn àárọ̀ yẹn. Dókítà kékeré kan tó ń jẹ́ Ifeyinwa ń sáré láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó béèrè ohun tí aláìsàn jẹ. Sẹ̀kínátù ní ẹ̀bà. Ó béèrè bóyá ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Sẹ̀kínátù ní kò ní in rí. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Bébà tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò ti tán láti àná, àwọn tó bá dá wọn lójú pé wọ́n nílò rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rán lọ rà á níta. Nítorí náà, omi lásán ni wọ́n fà sí Sùlè lára, wọ́n sì mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ ibà wò.

Ní bẹ́ẹ̀dì kejì, nọ́ọ̀sì ń bá àwọn ọmọ bàbá arúgbó kan wí. "Ẹ ti rọ gbogbo àgbo Ajégúnlẹ̀ sí i nínú tán kẹ́ ẹ tó rántí pé ìjọba kọ́ ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin náà ẹ jókòó, ẹ máa wò ó."

Sẹ̀kínátù tẹ ẹsẹ̀ Ọmọ́lẹ́yẹ mọ́lẹ̀ lábẹ́ àga.

Èémí Sùlè ti ń gùn. Ọmọ́lẹ́yẹ ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Kò tọ̀. Ó sáré gba ọ̀nà fáàmásì. Èrò ti tú, wọ́n ń pe màgàríbì ní mọ́ṣáláṣí òdìkejì, Ejike sì ń ti fèrèsé. Nígbà tó rí i, inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó rí ojú rẹ̀ dáadáa, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀.

"Kí ni ìyókù ọ̀rọ̀ yẹn?" Ọmọ́lẹ́yẹ bi í. "'Àmọ́ ṣá o' kí ni?"

Ejike kò béèrè ìdí. "Àmọ́ ṣá o, ewé gbígbẹ tó kún ọkọ̀ akẹ́rù, ohun tó ń jáde nínú rẹ̀ tó jẹ́ òògùn jẹjẹrẹ kò kún ṣíbí tíì. Àwọn ohun mìíràn tó wà nínú ewé náà lé ní àádọ́rin. Òmíràn ń fa ṣúgà ara wálẹ̀, òmíràn ń ṣe ẹ̀dọ̀ ní jàǹbá. Èyí tí wọ́n yọ jáde yẹn gan-an, ìwọ̀n ara ẹni ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Tí ìkán rẹ̀ kan bá jò kúrò nínú iṣan, ó ń jó ẹran ara bí iná. Òdòdó yẹn kì í ṣe ohun tí à ń..." Ó dákẹ́. "Èló ló mu?"

Ọmọ́lẹ́yẹ sọ fún un. Ó na ìwé Ìyá Àgbà sí i, bóyá yóò bá òun fi jíṣẹ́ ní bòókẹ́lẹ́. Ejike kò gbà á. Ojú rẹ̀ rí bí ti ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti iná bọ ilé ẹni tó fẹ́ràn.

"Ẹ má fún mi. Tí mo bá fún wọn, wọ́n á ní ta ló sọ fún mi, ilẹ̀ á sì ṣú sí i. Kí ẹni tó wà níbẹ̀ sọ ọ́. Ìwọ̀n tó wà nínú ìwé yẹn, kò sí ẹ̀rọ kankan níbí tó lè sọ ọ́ fún wọn. Ẹ sáré, ẹ jọ̀ọ́."

Ó sáré.

Nígbà tó dé, Dókítà Ifeyinwa dúró ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣí ìpéǹpéjú Sùlè. "Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò fi ibà hàn. Mo tún ń bi yín, ó dá yín lójú pé kò mu nǹkan kan?"

Sẹ̀kínátù wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì kó ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí. Ọmọ́lẹ́yẹ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ìwé náà wà ní gbangba lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn ti mú un rọ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ni ìyá rẹ̀ bá nawọ́, ó sì gbà á.

Ọmọ́lẹ́yẹ rò pé yíya ni yóò ya á. Sẹ̀kínátù tú u. Ewé àti òdòdó náà já sílẹ̀ sórí aṣọ ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń yára kàwé. Ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń jì, dókítà sì ti fẹ́ yí padà. Ó dé ìlà ìsàlẹ̀. Ó kà á. Ìka rẹ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, ó tún un kà.

Ó dìde. Ó gba iwájú nọ́ọ̀sì kọjá láìwò ó.

"Dókítà, irọ́ ni mo pa. Ó mu ewé, ewé tó ń fa ṣúgà ara wálẹ̀. Èmi ni mo gbé ìkòkò kaná. Iye tó mu, ìgbà tó mu ún, gbogbo rẹ̀ ló wà níbí."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ̀rọ̀. Dókítà gbé ọwọ́ kan sókè dá a dúró, ó sì na èkejì.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ìyá mi ni," Sẹ̀kínátù wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fi ìwé náà lé e lọ́wọ́.